Pákó Àlòkù, Ilé Adìẹ àti Ẹyin tí Ọmọdé Máa Jẹ

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, n kò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀ títí mo fi jókòó wádìí rẹ̀: bí adìẹ bá gbé èépá ọ̀dà mì, ibo ni ọ̀dà náà ń lọ? Ó lè jọ ìbéèrè kékeré létí ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé adìẹ sẹ́yìnkùlé lásìkò yìí, tó sì ti béèrè iye tí wọ́n ń ta pákó tuntun ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, á mọ ìdí tí ojú gbogbo wa fi ń lọ sí pákó àlòkù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n bá òun wá pákó. Adìẹ ìbílẹ̀ ló fẹ́ sìn, kì í ṣe fún títà. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ òun máa rí ẹyin jẹ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà fún mi. Ká ní tábìlì la fẹ́ kàn ni, ohun kan ṣoṣo la máa wò lára igi: ṣé ó le, àbí kò le? Ilé adìẹ yàtọ̀. Àwọn tó máa gbé inú rẹ̀ á máa fi ẹnu kàn án látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì rí jẹ níbẹ̀, apá kan rẹ̀ ń bọ̀ wá sínú àwo àwọn ọmọ wa.

Mo fẹ́ràn pákó àlòkù, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Púpọ̀ nínú pákó tuntun tí wọ́n ń tà báyìí ló ṣì tutù nínú nígbà tí wọ́n gbé e dé ọjà, oṣù kan kò ní pé tí á fi lọ́ tàbí kó là. Igi òrùlé tó ti wà lábẹ́ páànù fún àádọ́ta ọdún ti gbẹ débi tó máa gbẹ dé, ohun tí ikán lè jẹ níbẹ̀ ti jẹ tán. Igi tí a tún lò sì jẹ́ igi kan tí a kò gé nínú igbó. Nítorí náà, n kò wá ta ko pákó àlòkù. Ohun tí mo ń bá kiri ni bí a ṣe máa mọ èyí tó ṣe é fún adìẹ gbé.

Ilẹ̀kùn tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí

Lẹ́yìn ọjà pákó, ibì kan wà tí wọ́n ń kó ẹrù ilé tí wọ́n wó sí: ilẹ̀kùn, fèrèsé onígi, igi òrùlé, pákó dẹ́kìn tí sìmẹ́ńtì ti gan mọ́ lára. Bàbá káfíńtà tó ń tà níbẹ̀ ti dàgbà, wọ́n sì mọ igi. Wọ́n fi ọ̀bẹ họ ìdí igi òrùlé kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n nà án sí mi pé kí èmi náà gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi, ìrókò nìyí. Ó ju ọjọ́ orí rẹ lọ dáadáa."

"Bàbá, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlòó ni?"

Wọ́n ní ká má tíì sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n wọ inú lọ, wọ́n fa ilẹ̀kùn ńlá kan jáde, wọ́n ní òun nìkan máa tó ẹ̀gbẹ́ kan ilé adìẹ lódindi, a ò tiẹ̀ ní gé e rárá. Iye tí wọ́n dá lé e fúyẹ́ gan-an. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, kí n lè rí ojúlówó igi tó wà nísàlẹ̀, wọ́n fi ẹnu àdá họ ọ́. Búlúù ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé. Lábẹ́ ìyẹn, àwọ̀ mílíkì, àti nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀dà eléérú kan tó nípọn, tó le koránkorán. Ọdún Iléyá mélòó, Kérésì mélòó, ìgbéyàwó mélòó ni wọ́n ti kun ilẹ̀kùn yẹn sí? Gbogbo rẹ̀ ń já bọ́ sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́.

Àgbébọ̀ adìẹ kan ń jẹ̀ kiri ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Bí èépá àkọ́kọ́ ṣe balẹ̀ ló sáré dé. Ó dá orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ojú kan wò ó, ó ṣà á, ó jù ú sílẹ̀, ó tún ṣà á, ó gbé e mì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké "kọ̀-kọ̀-kọ̀" bí ìyá adìẹ ṣe máa ń pe ọmọ rẹ̀ sídìí oúnjẹ. Àwọn òròmọdìẹ rọ́ dé, wọ́n ń ṣa èyí tí ẹnu wọn gbà. Bàbá lé àwọn adìẹ náà, Bàbá sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Adìẹ wọn náà nìyẹn, wọ́n kò sì rí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀, nítorí ohun tí adìẹ ń ṣe lójoojúmọ́ ni.

N kò ra ilẹ̀kùn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi délé.

Inú ìwe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín, ṣé ó ń gbé irin mì ni?" Ẹni tí kò mọ oore tí Ọlọ́run ṣe fún un ni wọ́n ń fi í bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti wo adìẹ dáadáa. Òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ni eyín adìẹ. Inú ìwe ló ń wà, ibẹ̀ ló ti ń lọ ọkà kúnná. Ìdí nìyẹn tí adìẹ fi ń wá ohun tó le, tó kéré, tó ń dán, láti ṣà. Èépá ọ̀dà àtijọ́ ní gbogbo rẹ̀.

Oúnjẹ máa ń gba inú ìwe kọjá ni, ohun tó bá le a máa pẹ́ níbẹ̀. Òkúta á máa lọ èépá ọ̀dà náà, omi kíkan láti inú ikùn á máa bù ú jẹ. Bí òjé, irin olóró tí wọ́n ń pè ní lead lédè Gẹ̀ẹ́sì, bá wà nínú ọ̀dà yẹn, tí ó sì máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé gbígbé. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn olùwádìí tó yẹ ọ̀dà ọjà wa wò ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ṣì rí òjé púpọ̀ nínú wọn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n kun ní ọdún 1970 tàbí 1985, kí ni a fẹ́ rò nípa rẹ̀?

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ara adìẹ kò mọ òjé yàtọ̀ sí kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le. Ó ń kó o pa mọ́ sínú egungun bí ẹni kó ohun rere pa mọ́. Èèpo ẹyin kan ṣoṣo ń gba kálísíọ́ọ̀mù tó tó nǹkan bíi gíráàmù 2. Òru ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ èèpo yẹn máa ń wáyé, nígbà tí adìẹ ti wọlé sùn tí kò sì rí oúnjẹ jẹ, nítorí náà inú egungun ara rẹ̀ ló ti ń yá a. Adìẹ tó ń yé ní egungun pàtàkì kan nínú ihò egungun rẹ̀ tó wà fún iṣẹ́ yìí nìkan. Bí ó ti ń fa kálísíọ́ọ̀mù jáde, òjé tó sá pa mọ́ níbẹ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀, ó sì ń dé inú ẹyin, àní dé inú pupa rẹ̀.

Àárẹ̀ kò ní hàn lára adìẹ náà lójú rẹ. Ìyẹ́ rẹ̀ á máa dán, á máa yé. Ní ìlú New York, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń sin adìẹ nínú ọgbà, àwọn olùwádìí yẹ ẹyin wò, wọ́n rí òjé nínú nǹkan bí ìdajì wọn, ibi tí òjé sì ti pọ̀ nínú ilẹ̀ ni ti inú ẹyin ti ń pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọ ló ń bá jà. A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó mọ agbára rẹ̀: ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọ tó lé ní 400. Ti Zamfara pọ̀ gan-an ju ti ilẹ̀kùn kan lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni.

Ohun tí ikán sá fún

Ẹnikẹ́ni tó ń ta pákó ní ìlú wa á yin igi fún ẹ nítorí pé ikán kò jẹ ẹ́. Ó yẹ kí a dúró béèrè ìdí tí ikán kò fi jẹ ẹ́. Ìrókò, apá, ọpẹpẹ àti tíìkì, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni ikán kì í fi í fẹ́ràn wọn. Lẹ́bú ìrókò a máa ta káfíńtà nímú nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti di ilé, tó gbẹ, tó mọ́, kò sí wàhálà. Irú igi kejì ni èyí tí ikán ń sá fún nítorí ohun tí ènìyàn dà sí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Òpó iná àtijọ́ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Tí òpó bá wó, wọ́n á là á, wọ́n á tà á bíi pákó. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú irú igi bẹ́ẹ̀, bàbà, kirómíọ̀mù àti áásénìkì, tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n pò pọ̀. Sonti Kamesan ará Íńdíà ló ṣe é ní ọdún 1933, ó sì wúlò débi pé gbogbo ayé gbà á. Láti ìparí ọdún 2003 ni àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà ti dáwọ́ dúró lórí igi tó ń lọ sílé àwọn ènìyàn, nítorí áásénìkì inú rẹ̀ ń jò sílẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀ sí i. Tí o bá rẹ́ irú igi yìí ní ìbú, wàá rí i pé etí rẹ̀ yíká ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, àárín rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ igi lásán. Ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, ojú rẹ̀ á ṣá di eléérú, àfi kí a gé e tuntun kí a tó rí i. Òpó mìíràn dúdú, ó ń rùn bí ọ̀dà títì, tí oòrùn bá pa á, ó ń yọ́. Ìyẹn kò tiẹ̀ nílò àlàyé. Adìẹ tó bá ń sùn lórí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀.

Pákó dẹ́kìn ló tàn káàkiri jù, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé adìẹ tí mo mọ̀. Sìmẹ́ńtì ara rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro, a lè họ ọ́ kúrò. Ọ́ìlì ni. Kí kọnkéré má baà lẹ̀ mọ́ pákó, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń fi dísù tàbí ọ́ìlì tí wọ́n ti lò nínú ẹ́ńjìnnì kùn ún, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ̀m. Àwọn kan tún ń fi ọ́ìlì yìí kan náà kun ilé adìẹ fúnra rẹ̀ nítorí ikán. Ọ́ìlì yẹn ti kó irin inú ẹ́ńjìnnì àti èéfín iná rẹ̀ mọ́ra kó tó jáde. Igi ń mu ún wọnú, ọṣẹ kò sì lè yọ ọ́.

N kì í sì í gba pákó tó ti inú sítọ́ọ̀ kòkó wá, bó ti wù kó dára tó. Ẹni tó bá dàgbà lóko kòkó mọ Gamalin 20, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Líńdénì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi sínú ìwé àdéhùn Stockholm, èyí tó wà fún májèlé tí kì í tètè parẹ́, lọ́dún 2009 pé kí iṣẹ́ rẹ̀ parí lóko. Ohun tí wọ́n ti fọ́n sínú yàrá kan fún ọdún púpọ̀, igi yàrá náà ti mu nínú rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ̀rọ̀ àsọdùn, kó gbọ́ ti Pólàǹdì. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí níbẹ̀ kọ̀wé nípa ẹyin tí wọ́n rí májèlé tó ń jẹ́ dáyọ́sìn nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé ni igi ilé adìẹ fúnra rẹ̀, ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ti fi oògùn penitakilorofínọ́ọ̀lù tọ́jú igi rẹ̀ nígbà kan rí. Adìẹ wọn kò jẹ oúnjẹ burúkú. Ilé tí wọ́n ń sùn sí ló kó májèlé sínú ẹyin wọn.

Òǹtẹ̀ ara pálẹ́ẹ̀tì

Pálẹ́ẹ̀tì, pèpéle onígi tí wọ́n ń to ẹrù lé, tí ẹrù fi ń wọlé láti Àpápá nìkan ni igi àlòkù tó ní ìwé ìrìnnà lára. Ẹ wá òǹtẹ̀ tó ní ṣírí wíìtì àti lẹ́tà IPPC, orúkọ àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo irúgbìn. Lẹ́tà méjì á sọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Tí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: wọ́n gbé àárín igi dé ìwọ̀n ooru 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ lè gba ìyẹn. Tí ó bá jẹ́ MB, gáàsì olóró ni wọ́n fín in sí, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá, ẹnì kankan kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kò lè sọ ohun tó dà sórí pálẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ àpò ìrẹsì ló gbé, ó lè jẹ́ dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà. Bí ẹ bá rí àbààwọ́n tí ẹ kò mọ̀, tàbí òórùn tí kì í ṣe ti igi, ẹ má jiyàn pẹ̀lú imú yín.

Ìbéèrè tí ẹnì kankan kì í bi Bàbá

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá káfíńtà. Mo ṣàlàyé ohun tí mo ti kà, mo sì bi wọ́n bóyá wọ́n rántí ibi tí pákó wọn ti wá. Mo ti rò pé wọ́n á ní àwọn kò mọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ka: èyí ti inú ilé alájà kan tí wọ́n wó nígbà tí wọ́n ń fẹ títì, àwọn wọ̀nyẹn, fèrèsé ilé ìwé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òpó iná ni, àwọn fúnra wọn ló là á, tọ̀hún, dẹ́kìn, ibi méjì ló ti wá. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Mo béèrè ìdí tí wọn kì í fi í sọ fún oníbàárà. Wọ́n ní, "Wọn kì í béèrè. Owó ni wọ́n máa ń béèrè."

Ìdáhùn yẹn ló kọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo kà lọ. A ń ṣe bí ẹni pé igi àlòkù kò ní ìtàn, nígbà tó jẹ́ pé ìtàn rẹ̀ wà lórí ahọ́n ẹni tó ń tà á. Ẹni tó wó ilé mọ̀, ẹni tó kó o mọ̀, ẹni tó tà á mọ̀. Ọ̀dọ̀ wa tí a rà á ni ìmọ̀ náà ti ń já. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára rẹ̀: òrùlé, dẹ́kìn, òpó, ilé ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òpó kò ní tà mọ́ nìyẹn. Mo ní ó máa tà fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọgbà ẹ̀yìn oko, kò kàn ní tà fún ẹni tó ń wá ilé adìẹ ni. Wọ́n gbé ṣọ́ọ̀kì.

Igi òrùlé ilé alájà yẹn ni a rà. Òrùlé kì í sábà ní ọ̀dà, inú òkùnkùn ló wà, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń da nǹkan sí. Kìkì pé òrùlé ayé ọjọ́un máa ń ní sílìn àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì lábẹ́, eruku rẹ̀ sì lè wà lórí igi. Omi ni a fi fọ̀ ọ́, a fi aṣọ bomú, a kò gbá a ní gbígbẹ. A yọ gbogbo ìṣó, èyí tó já sínú pàápàá, nítorí adìẹ tó ń gbé òkúta mì á gbé ìṣó mì. A da omi gbígbóná sínú gbogbo ojú là, nítorí pé ibẹ̀ ni kòkòrò pupa tíntìntín tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ lóru máa ń sá sí lọ́sàn-án, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìjẹun.

Ibi tí adìẹ ń bà lé sùn àti ìtẹ́ tí wọ́n ń yé sí, igi tuntun ni a fi ṣe wọ́n. Ọparun ni ti ibùsùn. Ibẹ̀ ni ara wọn ti ń kan igi jù, n kò sì rí ìdí láti fi owó kékeré yẹn pamọ́ níbẹ̀.

Pákó tí a kọ̀

Ohun tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ nìyí. Bí èmi kò bá ra ilẹ̀kùn búlúù yẹn, tí ẹlòmíràn kò sì rà á, ìdáná ló ń lọ. Igi tí ẹnì kankan kò rà lọ́wọ́ àwọn tó ń wó ilé, àwọn tó ń dín àkàrà, tó ń yan ẹja, tó ń sun àgbàdo ni wọ́n ń rà á ní pọ́ọ́kú. Iná kì í pa òjé, kì í sì í pa áásénìkì. Apá kan ń bá èéfín lọ sára oúnjẹ àti sí àyà obìnrin tó dúró tì í, ìyókù ń ṣẹ́ kù sínú eérú, ó sì pọ̀ nínú eérú yẹn ju bó ṣe wà nínú igi lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí a ń fi eérú ṣe? A ń dà á sí igun ilé adìẹ kí wọ́n lè máa yí nínú rẹ̀, kí kòkòrò lè kúrò lára wọn.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé eérú igi tí òun fúnra rẹ̀ dá ni kó máa lò. Ní ti Bàbá, a jọ ronú nípa ilẹ̀kùn náà. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n má họ ọ́ mọ́, kí wọ́n gbá èépá tó ti já sílẹ̀ jọ ní tútù, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n kun ilẹ̀kùn náà ní ọ̀dà tuntun lórí èyí tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì tà á bí ilẹ̀kùn fún ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ blọ́ọ̀kù, níbi tí ọmọdé àti adìẹ kì í dé. Òpó iná mẹ́ta tó kù, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lára wọn. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní oko tó jìnnà sí kànga tó sì nílò òpó ọgbà, wọ́n ń tà wọ́n.